Bàtà Àwọn Ọmọ Pépéyẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, irọ́ ló ń pa, àfi tó bá jẹ́ ọkọ mi. Òun nìkan ló mọ̀, òun náà ló sì dákẹ́ jù nínú gbogbo wa.

Iṣẹ́ bàtà lọkọ mi ń ṣe. Ó ń rán tuntun, ó sì ń tún ògbólógbòó ṣe. Ọ̀gá Bàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ míì. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kì í wo ojú èèyàn kó tó wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Tí o bá gbé bàtà fún un, á dojú ẹ̀ dé, á fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ lọ pa á bọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara ẹ fún ẹ. "Ìwọ máa ń kánjú." "Apá òsì lo máa ń gbé ẹrù sí." "Orúnkún ń dùn ẹ́, o ò sì tíì sọ fáwọn ọmọ ẹ." Mo ti rí obìnrin kan tó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nítorí ohun tí ọkọ mi rí lábẹ́ bàtà ẹ̀. Èmi gan-an, lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, bàtà mi ló kí kó tó kí mi. Ó ní mo máa ń fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Mo ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ bá jà." Ó rẹ́rìn-ín. Bá a ṣe fẹ́ra nìyẹn, ẹ má bi mí mọ́.

Nígbà tó yá, ọwọ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n ńlá o, ó kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bíi tẹni tí òtútù mú. Dókítà fún un lóògùn, ó ní kó máa ṣiṣẹ́ níwọ̀nba. Ọ̀gá Bàtà ò fẹ́ níwọ̀nba. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì kọjú sí ògiri. Fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o! Ògiri ló ń wò. Mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́, mo se ohun tó fẹ́ràn. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó tún padà sídìí ògiri. Nígbà tó sú mi, mo dákẹ́. Mo wá ń yọ́ rìn nínú ilé, mò ń gbé ìkòkò kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mò ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó lọ kí aláìsàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó ṣe máa parí nìyẹn, pé ọkùnrin yìí á kàn jókòó síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn tí káfíńtà, aládùúgbò wa, fi gbé ẹyin pépéyẹ wá. Ó ní abo pépéyẹ òun ò mọ ìtọ́jú, pé tó bá ti yé ẹyin tán, á kọ̀yìn sí i, á bá tiẹ̀ lọ. Adìẹ mi kan ń sàba nígbà yẹn, la bá ti ẹyin náà sábẹ́ ẹ̀. Adìẹ ò bèèrè ìbéèrè kankan. Ó sàba lé e, ó pa á, ó sì kó àwọn ọmọ jáde bí ìyàwó tuntun. Àfi bí wọ́n ṣe dé ìdí bàsíà omi tí mo fi fọṣọ. Gbogbo wọn já wọ inú ẹ̀! Adìẹ figbe ta. Ó ń sáré yí bàsíà ká, ó ń pè wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń wo ojú mi bíi pé èmi ni mo tì wọ́n sínú omi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi tí mi ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Ọkọ mi ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde lórí àga.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lòun máa kó wọn sí, pé ibẹ̀ gbóná, ológbò ò sì lè wọbẹ̀. Ó wá àpótí fífẹ̀ kan, ó fi awọ tẹ́ inú ẹ̀. Kì í ṣe èérún awọ o! Awọ dúdú tó ń dán, èyí tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ fún bàtà ẹni pàtàkì. Ó kọ ojú dídán ẹ̀ sókè. Ó ní káwọn náà máa tẹ ohun tó dáa. Oúnjẹ tí mò ń rà fún àwọn ọmọ adìẹ mi ló ń bù fún wọn. Láàárọ̀, kí n tó bọ́jú, á ti wà lọ́dọ̀ wọn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè wí nǹkan kan, kí n má bàa fi ẹnu ara mi lé e padà sídìí ògiri. Káwọn ọmọ pépéyẹ yìí ṣáà ti yè. Tí wọ́n bá kú, mo mọ ibi tó máa lọ jókòó.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú wọn ò lè dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ yà, ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan lọ sósì, bíi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á jókòó. Ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ síta, wọ́n ń fi apá ti ara wọn bí ẹni tó mu ọtí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹun dáadáa o! Ojú wọn ń dán, ariwo wọn pé. Ohun tó tojú sú mi nìyẹn. Ẹran tó ń ṣàìsàn kì í jẹun bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà wá wò wọ́n, ó ní òtútù ni. A gbé iná sún mọ́ wọn. Nígbà tó padà wá, ó ní ooru ni. Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì, ó ní òun ò mọ̀, pé iṣẹ́ igi lòun kọ́. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní ìlú míì sọ lórí fóònù pé eegun wọn ni ò le, ká gbé wọn sóòrùn. A gbé wọn sóòrùn, wọ́n jókòó sínú oòrùn. A gbé wọn sábẹ́ ìbòòji, wọ́n jókòó síbẹ̀ náà. Adìẹ mi ń wò wọ́n láti òkèèrè bíi pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi ní tiẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó lọ ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fàlà sára awọ kúnná, ó ki ẹsẹ̀ wọn bọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti rìn lórí awọ dúdú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń wo ojú ẹsẹ̀ funfun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó wò ó títí. Ó dìde, ó gbọn eruku nù lórúnkún, ó ní, "Ẹsẹ̀ ò ṣe wọ́n."

Mo ní, "Kí ló wá ṣe wọ́n, etí?"

Ìgbà tí mo máa padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ń gé awọ wẹ́wẹ́.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Bàtà."

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

Ó fi àgbọ̀n júwe àpótí fún mi.

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó sọ lánàá pé ẹsẹ̀ ò ṣe wọ́n ló ń rán bàtà fún wọn lónìí. Mo ti fẹ́ la ẹnu, ni mo bá rí ọwọ́ ẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ dání, ọwọ́ ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ ń tàsé. Ó dúró kí ó rọlẹ̀, ó wá fi gún awọ. Ó tún dúró, ó tún gún un. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́. Mo pa ẹnu mi dé, mo fa àpótí kékeré kan, mo jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ki òwú sí abẹ́rẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi bi àwọn oníbàárà yín bóyá wọ́n ń fẹ́ èyí tó ní gìgísẹ̀ gíga." Ó ní wọ́n ti sọ pé wọ́n ń fẹ́ èyí tí omi ò lè wọ̀. A rẹ́rìn-ín títí ojú wa fi ń ṣomi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò mú pépéyẹ dìde. Mo gbé èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yà sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ ra ata, mo sì gba ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lọ.

Dókítà náà ò dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo nǹkan dáadáa. Ó na ẹsẹ̀ pépéyẹ náà, ó tẹ oríkèé ẹ̀, ó ní, "Mà, kí ni wọ́n ń dúró lé lórí?"

Mo ní, "Awọ."

"Awọ báwo?"

"Awọ bàtà. Èyí tó ń dán."

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ pépéyẹ sórí ohun tó ń dán? Ó ń yọ̀ wọ́n ni, mà. Ẹsẹ̀ wọn ò rí ibi tó máa dì mú, ó sì ń ya lọ." Ó tún bi mí ohun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tí mo sọ pé oúnjẹ ọmọ adìẹ ni, ó mi orí. Ó ní ọmọ pépéyẹ máa ń yára dàgbà, ó sì máa ń fẹ́ fítámì B kan tí wọ́n ń pè ní náyásìn ju bí adìẹ ṣe ń fẹ́ ẹ lọ. Tí kò bá rí i tó nínú oúnjẹ, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rọ, á wá tẹ̀. Ó bu ìyẹ̀fun yíìsì fún mi, ó kìlọ̀ pé èyí tó ti kú ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń po búrẹ́dì tó máa ń wú. Kí n máa bu díẹ̀ sí oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, kí n máa fi omi rin ín, kí n sì máa fún wọn ní ẹja bíbọ̀ tí kò níyọ̀ díẹ̀. Kí n kó awọ dídán kúrò. Kí n máa gbé wọn sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wà á, kí ojú mi má sì kúrò lára wọn. Èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yà, kí n fi aṣọ rírọ̀ so méjèèjì pọ̀, kí àlàfo wà láàárín kó lè dúró, kí n máa tú u wò kó má dì jù.

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Tí eegun bá le síbi tó tẹ̀ sí, kò ní padà mọ́."

Mo ní, "Tí wọ́n bá wọ bàtà ńkọ́?"

"Bàtà wo?"

Mo ní kò sí nǹkan, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi.

Lójú ọ̀nà ni orí mi ti wá dàrú gan-an. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọkùnrin yìí? Kí n sọ pé awọ tó fi ṣìkẹ́ wọn ló ya wọ́n lẹ́sẹ̀? Kí n sọ pé bàtà tó ń fi ọwọ́ gbígbọ̀n rán ò wúlò? Mo rí àga, mo rí ògiri. Mo pinnu pé mi ò ní sọ ọ́. Màá tọ́jú wọn lábẹ́lẹ̀, kó rò pé bàtà òun ló ṣe é. Mo da yíìsì sínú agolo kan, mo fi pamọ́ sẹ́yìn iyọ̀ ní kíṣìnnì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún un pé kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, pé èmi ni màá máa gbé oúnjẹ fún wọn. Ó ní, "Ó dáa." Ó yá jù. Ó yẹ kí n ti fura.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fẹ́ yí mi lórí. Mo lọ bu èérún igi tí káfíńtà fá sílẹ̀, kí n lè dà á sórí awọ. Mo dé ibẹ̀, awọ ti dojú dé. Ojú tí kò dán, tó rí gbágungbàgun, ló wà lókè. Mo dúró, mo ń bi ara mi pé ṣé mo ti wá síbí tẹ́lẹ̀ ni. Mo da èérún igi lé e. Mo wá aṣọ rírọ̀ kí n so ẹsẹ̀ èyí tó yà, mo gbé e sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wà ní síso, àlàfo wà láàárín bí dókítà ṣe júwe ẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ta ló so èyí?"

Ọkọ mi ò gbójú sókè. Ó ní, "Ara bàtà ẹ̀ ni."

Mo ní àbí orí ló ń bá wa ṣe é? Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ agolo ló wá kọjá agbára mi. Mò ń bu yíìsì níbẹ̀ lójoojúmọ́, agolo ò sì fà. Mo kọ́kọ́ rò pé ṣíbí mi ló kéré. Mo wá ń bù ú kún ṣíbí dáadáa. Kò fà. Mo fi ìṣó fa ìlà sínú agolo níbi tí ìyẹ̀fun dé. Nígbà tí mo tún ṣí i, ìyẹ̀fun ti ga ju ìlà lọ! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ọwọ́ ọkọ ń gbọ̀n, orí ìyàwó ń lọ. Ta ló máa wá tọ́jú ta? Mo pe ọmọ wa obìnrin, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ń sùn dáadáa?" Mo pa fóònù.

Bí mo ṣe ń dàrú ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ pépéyẹ ń tò. Ẹ̀kínní dìde, ó dúró, ó wò yíká bí ẹni tó wọ ilé onílé. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wẹ̀ nínú bàsíà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta omi sí mi lára. Mi ò bá bàtà lẹ́sẹ̀ wọn rí, àmọ́ mo rò pé alẹ́ lọkọ mi ń wọ̀ ọ́ fún wọn. Èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yà náà rìn, àmọ́ ó ń tiro díẹ̀, dókítà sì ní yóò máa tiro bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá wù ú kó tiro, kó máa tiro. Ó ń rìn.

Káfíńtà ló gbé ìròyìn náà káàkiri. Ó ní Ọ̀gá Bàtà rán bàtà fún àwọn arọ pépéyẹ, wọ́n sì ń rìn. Àwọn èèyàn wá ń wòran, wọ́n ń bi ọkọ mi léèrè, òun á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò wá lọ́wọ́ òfìfo mọ́. Ọ̀kan gbé bàtà iṣẹ́ wá, ọ̀kan gbé ti ọmọ ẹ̀. Ọkọ mi á ní, "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n o. Á pẹ́ o." Wọ́n á ní kó pẹ́, ẹni tó rán bàtà fún pépéyẹ ló fẹ́ kọ tèèyàn? Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ṣí padà nìyẹn. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já, torí pé irọ́ èmi ni gbogbo ẹ̀ dúró lé lórí. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ńkọ́?

Mò ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan ni mo rí àwọn bàtà náà lórí ìṣó, ó so wọ́n kọ́ ní méjìméjì. Mo mú ọ̀kan. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo dojú ẹ̀ dé bí mo ṣe máa ń rí i tó ń ṣe é, mo fi àtàǹpàkò pa àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ń dán. Kò gbó, kò dọ̀tí, kò ní ìlà kankan. Mo mú òmíràn, bákan náà ni. Pépéyẹ o! Ẹran tí kì í fi ibì kankan sílẹ̀ láì yàgbẹ́ sí i!

Mo ní, "Bàbá, àwọn bàtà yìí ò rìn rí."

Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Wọn ò rìn rí."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo wọ ti àkọ́kọ́ fún ọ̀kan, ó ṣubú, mo sọ bàtà náà nù. Ojú ẹsẹ̀ wọn lórí awọ ti sọ fún mi pé agbára ni ò sí, àti pé wọ́n ń yọ̀. Mo lọ bá dókítà ẹran. Ó ní ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, tó ń bi òun nípa bàtà." Ó fa òwú. "Ó bi mí bóyá àwọn tó wà nínú ilé wa kì í bára wọn sọ̀rọ̀."

"Agolo ńkọ́?"

"Ìwọ kì í rántí ra nǹkan kó tó tán."

Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo pariwo. Mo ní orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí, mo ní ọmọ mi ti rò pé mo ti ń sínwín, mo ní kí ló dé tó wá ń rán bàtà tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀, tí ọwọ́ ẹ̀ sì ń ro ó. Inú ń bí mi, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe.

Ó gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ó ní, "Bọ́ bàtà ẹ."

Sálúbàtà tí mo máa ń wọ̀ nínú ilé ni, òun ló rán an fún mi. Mo bọ́ ọ. Ó dojú ẹ̀ dé, ó nà án sí mi. Níwájú, níbi ìka ẹsẹ̀, ó ti jẹ tán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn, ní gìgísẹ̀, ó rí bí ọjọ́ tó rán an.

Ó ní, "Látọjọ́ tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, o ò fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀ mọ́ nínú ilé ara ẹ. Ìwọ! Ògiri ni mò ń wò, àmọ́ mò ń gbọ́. Mò ń gbọ́ bí o ò ṣe dún mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dìde. Mo wá mú awọ lọ́jọ́ yẹn kí n wò bóyá ọwọ́ mi ṣì lè gé e, ìwọ sì fa àpótí, o jókòó tì mí, o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, sálúbàtà náà ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀. "Mo ní kí n má tètè rán an tán."

Ó ti mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ ṣí àtẹ́lẹsẹ̀ náà kó pààrọ̀ ẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀ ṣì dáa.

Mo wọ̀ ọ́, mo jáde, mo sì fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀, gbà, gbà, gbà, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn pépéyẹ tú ká fún mi, èyí tó ń tiro ló ṣe ìkẹyìn. Mo gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo dé kíṣìnnì, mo gbé ìkòkò ka iná, mo sì rí i dájú pé ó dún.